Òwú Pupa Lára Wáyà

Tẹligíráàmù náà dé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Dafina kà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀: "Lyuben ń bọ̀ pẹ̀lú àpótí ìdarí. Ẹ lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè, Ọjọ́rú, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́." Ó tún un kà. Àná ni Ọjọ́rú.

Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan tó ń gun òkè bọ̀ nínú yìnyín. Ó fi okùn di àpótí igi ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn bí ìyá tó pọn ọmọ. Yìnyín ti bo fìlà àti èjìká rẹ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá, á dúró, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á sì tẹ àpótí náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọwọ́ yẹn ni Dafina kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ tó wù ú, kó tó rí ojú rẹ̀ rárá.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ibí ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Radoy?"

"Ibí ni. Ṣé ẹ̀yin ni Lyuben tí wọ́n rán wá láti ìlú Ruse?"

"Èmi ni ohun tó kù lára Lyuben."

Ìtìjú mú Dafina. Ó na ìwé náà sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìsinsìnyí gan-an ni ìròyìn yín tẹ̀ wá lọ́wọ́. Níbo lẹ sùn?"

"Orí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀. Mo fi àpótí yìí ṣe ìrọ̀rí. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í hanrun." Ó wo tẹligíráàmù náà, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi àti òun jọ dé nìyẹn. Kò sì gbé ẹrù kankan ní tirẹ̀."

Dafina rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti ní kó wọlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Minka, ló pariwo láti inú ilé pé: "Ta lo dá dúró sínú òtútù bẹ́ẹ̀? Ṣé o fẹ́ kó di òkúta ni?"

*

Ẹ̀rọ tí Lyuben wá tún ṣe ga ju ènìyàn lọ, ó sì gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀bẹ tó ń yí bírí ló fi ń gbẹ́ irin, bí ẹni ń gbẹ́ igi, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe irin tí ilé iṣẹ́ bàtà máa ń da rọ́bà sí. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan tó ń lo iná irú ti bátìrì ló ń yí ọ̀bẹ náà. Àpótí tó ń darí ẹ́ńjìnnì yìí ti jó láti ìgbà ìkórè, ẹ̀rọ náà kò sì tíì dún mọ́ láti ìgbà náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Dafina nígbà tí ìyá rẹ̀ kú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Ó mọ òórùn òróró yìí bí àwọn ọmọbìnrin mìíràn ṣe mọ òórùn lọ́fíńdà. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ìlú Gabrovo, pé kí ṣọ́ọ̀bù yìí di tirẹ̀.

Bàbá Radoy kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́. "Bí ẹ̀rọ yìí bá tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ," ó sọ fún un, "màá kọ ṣọ́ọ̀bù sí orúkọ rẹ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, màá pe Momchil wá láti Sofia." Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni Momchil. Ó kàwé gan-an, àmọ́ kò di agolo òróró ẹ̀rọ mú rí láyé rẹ̀.

*

Ọdún yẹn ni ìjọba ń pín iná. Á wá fún wákàtí méjì, á lọ fún wákàtí méjì. Nítorí náà, bí iná bá lọ, Dafina àti Lyuben á máa fi tọ́ọ̀ṣì tú wáyà. Bó bá dé, wọ́n á fi mítà wọ̀n ọ́n.

"Ṣé òótọ́ ni," Lyuben béèrè lọ́jọ́ kejì, orí rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wáyà, "pé ẹ̀yin ará Gabrovo máa ń gé ìrù ológbò yín, kí ẹ lè tètè ti ilẹ̀kùn, kí ooru má baà jáde?"

"Irọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni."

"Ológbò fúnra rẹ̀ ló máa ń gé e. Ó mọ iye tí igi ìdáná jẹ́."

Lyuben fi orí gbá pátákó kọ́bọ́ọ̀dù níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Dafina sáré fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tó ti gbá a. Ìgbà tó yọ ọwọ́ kúrò, àmì òróró dúdú kan ti wà níwájú orí Lyuben, ó sì gbé e kiri títí di àṣálẹ́ láìmọ̀. Àǹtí Minka rí i nígbà oúnjẹ, ó wo ọwọ́ Dafina, ó sì bu ọbẹ̀ ẹ̀wà kún abọ́ àlejò náà.

Wáyà mẹ́fà ló jáde láti inú ẹ́ńjìnnì náà. Méjì wà fún òòfà tó wà lára ilé rẹ̀. Méjì tó nípọn bí àtàǹpàkò wà fún ọkàn rẹ̀ tó ń yí. Méjì tó kù tín-ín-rín, wọ́n sì wá láti ara ẹ̀rọ kékeré kan tó jókòó sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì.

"Kí lẹ ń pe kékeré yìí níbí?" Lyuben béèrè.

"Bàbá mi ń pè é ní ẹlẹ́rìí. Òun ló ń sọ fún àpótí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré tó."

"Orúkọ rere ni. Bí ẹlẹ́rìí bá ní eré kò tó, àpótí á fi iná kún un. Bó bá ní ó ti pọ̀ jù, á dín in kù. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá so wáyà rẹ̀ ní òdìkejì..."

"Á máa parọ́."

"Á máa parọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i ni á máa sọ fún àpótí pé kò tíì kúrò lójú kan." Ó wò ó. "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí tó báyìí?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é ní "ẹ". Dafina gbọ́ ọ, inú rẹ̀ sì gbóná wẹ́ bí ẹni mu ọtí èso. "Bàbá mi ni," ó dáhùn. "Ìwọ ńkọ́?"

*

Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni wọ́n parí wáyà, ó sì ku ogún ìṣẹ́jú kí iná lọ. Bàbá Radoy dúró lọ́hùn-ún lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Lyuben ti tú bẹ́líìtì tó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ọ̀bẹ kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá náà ní àsìkò ń ṣòfò. Wáyà ẹlẹ́rìí nìkan ló kù. Dúdú ni àwọn méjèèjì, torí pé nígbà tí Bàbá Radoy so ẹ̀rọ náà, wáyà dúdú nìkan ló wà ní gbogbo ìlú. Òwú pupa ló máa ń so mọ́ èyí tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún nínú méjì.

"Jẹ́ kí n fi mítà wọ̀n ọ́n," Lyuben sọ. "Kí o fi ọwọ́ yí ọ̀pá náà, kí n wo ibi tí abẹ́rẹ́ á yà sí."

Dafina tan tọ́ọ̀ṣì sí kọ̀rọ̀. Ó rí òwú pupa. "Kò sí àsìkò," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àmì bàbá mi rèé. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti mọ̀ ọ́n. Eléyìí ni."

Lyuben mú mítà rẹ̀ dání, ó wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti mítà bọ àpò, ó sì so wáyà náà bó ṣe wí.

Dafina tẹ súìṣì.

Ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ kùn jẹ́jẹ́. Bàbá Radoy ṣí ẹnu láti dúpẹ́. Kó tó sọ ọ́, ìkùn náà di igbe, igbe náà di ohùn kan tó ń gún etí, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Iná aláwọ̀ búlúù yọ yí òrùka bàbà tó wà lára ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ká. Lyuben fi èjìká ti Dafina sẹ́yìn, ó sì fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lu bọ́tìnnì pupa. Ó pẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó rọlẹ̀. Òórùn nǹkan tó jó gba ṣọ́ọ̀bù kan. Ká ní bẹ́líìtì wà lára rẹ̀ ni, tí ọ̀bẹ bá a sáré, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa sùn ní mọ́ṣúárì lọ́jọ́ náà.

"Ta ló so wáyà ẹlẹ́rìí?" Ohùn Bàbá Radoy kò lọ sókè.

"Èmi ni, Bàbá," Lyuben sọ. "Ẹ̀bi mi ni."

"Mo rò pé oníṣẹ́ ni wọ́n rán sí mi. Ọkọ̀ ojú irin wà lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kọ ohun tí o ṣe sínú ìwé fún àwọn ọ̀gá rẹ, kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá." Ó kọjá lára ọmọ rẹ̀. "Kì í ṣe ẹjọ́ tìrẹ, Dafina. Ọ̀rọ̀ wa ṣì dúró."

Bẹ́ẹ̀ ni iná lọ.

*

Dafina nìkan ló kù síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó fa wáyà náà jáde sí ìmọ́lẹ̀, ó sì rí i. Kì í ṣe òwú pupa nìkan. Wọ́n fi pupa lọ́ mọ́ funfun ni, irú èyí tí gbogbo èèyàn máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, tí wọn kì í tú títí wọ́n á fi rí ẹyẹ àkọ̀. Òróró ti mú funfun rẹ̀ dúdú. Lára wáyà kejì, ó fi èékánná ha ìdọ̀tí kúrò. Òwú pupa bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti gbó, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀.

Ó lọ bá Àǹtí Minka ní ilé ìdáná. "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ so òwú oṣù kẹta mọ́ ẹ́ńjìnnì?"

"Èmi ni o! Mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo so ó mọ́ ọrùn ajá, mo so ó mọ́ fìlà bàbá rẹ. Mo wá ní, ẹ́ńjìnnì yẹn ń ṣàìsàn láti ìgbà ìkórè, ẹ jẹ́ kí òun náà rí ìlera tọdún yìí. Wáyà méjì ló yọrí síta. Èyí tí kò dọ̀tí jù ni mo so ó mọ́." Ìyá àgbà náà wo ojú rẹ̀. "Ṣé kò gbà á ni?"

Dafina dì mọ́ ọn.

Ó bá Lyuben lẹ́yìn ilé, ó ń fi yìnyín fọ ọwọ́. "Kí ló dé tó o fi gbà á sọ́rùn?"

"Ọwọ́ mi ló so ó. Mítà wà nínú àpò mi, mi ò lò ó."

"Torí mo ní kí o má lò ó."

"Torí pé ìwọ lo sọ ọ́," ó ní. "Ká ní ẹlòmíràn ni, màá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kí ni àwọn ọ̀gá rẹ máa ṣe?"

"Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ní kí n máa lọ ilé." Ó gbọn omi kúrò lọ́wọ́. "Dafina, bàbá rẹ ti sọ ohun tó fẹ́ fún ọ fún mi. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ láyé. Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ tìrẹ, ẹyọ kan ni."

Ó kọjá sínú ilé. Dafina dúró nínú yìnyín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Kò sí ohun tó ní láti ṣe. Bó bá dákẹ́ nìkan, títí ọkọ̀ ojú irin á fi lọ, ohun tó ń tọrọ láti ọjọ́ yìí á bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àfi òun. Àti ọkùnrin kan tó gbé àpótí gun òkè, tí kò ní sọ ọ́ láéláé, ìyẹn gan-an sì ni kò jẹ́ kó lè gbé e mì.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn jókòó sídìí oúnjẹ. Ata tí a fi ìrẹsì kún inú rẹ̀ ni Àǹtí Minka sè, pẹ̀lú wàrà kíkan lórí. Báàgì Lyuben wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá," Dafina sọ, "èmi ni mo ba ẹ́ńjìnnì jẹ́."

"Jẹun."

"Lyuben fẹ́ wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo ní kó má wọ̀n ọ́n. Mo rí òwú, mi ò wò ó dáadáa, mo ní àmì yín ni. Ó gbà mí gbọ́. Bó bá gbé ẹ̀bi yìí lọ, wọ́n á lé e níbi iṣẹ́. Tèmi ni ẹ̀bi náà."

Lyuben dìde. "Bàbá, kì í ṣe..."

"Jókòó." Bàbá Radoy gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "O mọ ohun tí mo sọ fún ọ nípa Momchil."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"O sì ṣì sọ eléyìí."

"Ẹ pe Momchil wá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Lyuben kọ ìwé yẹn."

Àgbà náà wọ kóòtù, ó jáde láìparí oúnjẹ. Lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ ti báàgì Lyuben padà sínú ilé. "Má kọ nǹkan kan, ọmọ Ruse," ó ní. "Ẹni tó bà á jẹ́ ni kó tún un ṣe. Ìwọ, ràn án lọ́wọ́."

*

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tún un ṣe. Wọ́n yọ ọkàn ẹ́ńjìnnì, wọ́n yí i lórí ẹ̀rọ mìíràn tí a fi ń ha irin, títí òrùka bàbà tó jó fi tún ń tàn. Dafina fi ayùn tín-ín-rín gbẹ́ àlàfo àárín bàbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, láìgbé orí sókè. Lyuben so wáyà ẹlẹ́rìí mọ́ ibi tó yẹ. Àǹtí Minka ń gbé omi kábéèjì kíkan wá fún wọn, ó dúró jìnnà sí gbogbo wáyà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kẹrin, kábọ́ọ̀nù tuntun ló kù, ègé dúdú tó ń gbé iná wọ ara òrùka bàbà. Kò bá ara òrùka mu àfi tí wọ́n bá ha á. Wọ́n fi sáńpépà yí bàbà ká. Lyuben di orí ọ̀pá kan mú, Dafina di orí kejì, wọ́n sì ń yí i síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, bí ẹni méjì tó jọ ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Eruku dúdú bo ojú wọn.

"Nǹkan wà ní imú rẹ," Lyuben sọ, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó sì mú un burú sí i.

"Ṣé ó ti kúrò?"

"Rárá. O ti ní irùngbọ̀n báyìí. Ó yẹ ọ́."

"Ṣé ọkùnrin ni wọ́n ń fẹ́ ní Ruse ni?"

"Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń fẹ́ ní Ruse. Mo mọ ẹni tí èmi fẹ́." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo sọ pé àpótí ìrọ̀rí kì í hanrun, tí o rẹ́rìn-ín nínú yìnyín. Mo ti fẹ́ràn rẹ, Dafina. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ kí iná tó dé."

Ọwọ́ Dafina kò kúrò lórí ọ̀pá. "Máa yí i," ó sọ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Má dúró. Mo gbọ́."

Iná dé. Dafina mú mítà fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ yí ọ̀pá, abẹ́rẹ́ yà sí ọ̀tún. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Bàbá Radoy wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò wo aago. Dafina tẹ súìṣì, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi kún un, ó dín in kù, ó tún fi kún un, ẹ́ńjìnnì sì ń tẹ̀ lé e bí ẹṣin tó mọ olówó rẹ̀.

Bàbá Radoy gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ́ńjìnnì náà, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Kí Momchil máa kàwé rẹ̀ lọ ní Sofia," ó sọ níkẹyìn. "Lọ́jọ́ Ajé, a ó lọ kọ ìwé ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Bàbá! Ẹ ní..."

"Mo mọ ohun tí mo ní. Ẹ́ńjìnnì méjì lèmi náà ti bà jẹ́ láyé mi. Mo sọ fún ọ̀gá mi nígbà náà pé iná ìjọba ni." Ó yí ojú sí ògiri. "Ó gbà mí gbọ́, Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Mi ò rí oorun sùn fún odindi oṣù kan."

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Lyuben ń di irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, ó ń fi aṣọ nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju bó ṣe yẹ lọ. Dafina jókòó sórí bẹ́ǹṣì iṣẹ́, ó ń wò ó.

"Yàrá kan wà nílé wa, ó kọjú sí odò," Lyuben sọ. "Màmá mi dára. Ó máa ń sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó dára. Ilé iṣẹ́ wa ń wá ẹni tó mọ wáyà. Mo fẹ́ kí o wá. Àmọ́ mi ò ní fi ipá mú ọ. Èmi lè gbé níbikíbi tí iná bá wà."

"Níbí, wákàtí méjì-méjì ni iná wà."

"Á jẹ́ pé màá máa gbé ní wákàtí méjì-méjì." Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó wá dúró níwájú rẹ̀. "Má sọ ohun tí bàbá rẹ fẹ́ fún mi. Má sọ ohun tí èmi fẹ́. Kí ni ìwọ fẹ́, Dafina mi?"

Dafina bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì wò ó tààrà.

"Mi ò ní bá ọ lọ sí Ruse, Lyuben. Ibí ni iṣẹ́ mi wà, ibí ni màá sì dúró sí. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣe ọkọ, kò sí ẹlòmíràn. Lọ sọ fún màmá rẹ, kí o kó ẹrù rẹ, kí o padà wá fẹ́ mi."